Bí Ilẹ̀ Ṣe Gba Àṣẹ Lọ́wọ́ Aago: Ìtàn Wíwọn Ọ̀rinrin Ilẹ̀ fún Ìbomirin Koríko ní Amẹ́ríkà

Nínú ìtàn ìbomirin ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ohun tí àwọn òpìtàn sábà máa ń sọ ni ti oko ńláńlá, ti ìsédò àti ti ipa-omi tí ìjọba gbẹ́. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ ni koríko iwájú ilé, ọgbà ìtura, pápá gọ́ọ̀fù àti òdòdó ẹ̀bá títì, bẹ́ẹ̀ omi tí ìwọ̀nyí ń mu kì í ṣe kékeré. Ìṣirò Àjọ Ìdáàbòbò Àyíká ti ìjọba àpapọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí EPA, ni pé ó tó nǹkan bí bílíọ̀nù 8 gálọ́ọ̀nù omi tí àwọn onílé ń lò ní ìta lójúmọ́, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ sídìí koríko àti òdòdó, àti pé ó ṣeé ṣe kí ìdajì rẹ̀ ṣòfò, nítorí pé oòrùn fà á gbẹ, afẹ́fẹ́ gbé e lọ, tàbí ó ṣàn bọ́ sójú títì nígbà tí ilẹ̀ ti mu yó. Láti mọ ìgbà tí ilẹ̀ yó gan-an ni àwọn onímọ̀ ṣe ṣe irinṣẹ́ tí a ń pè ní sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin, ìyẹn ohun èlò kékeré tí a ń rì mọ́ àárín gbòǹgbò láti máa wọn omi tó wà nínú ilẹ̀, kí ó sì máa ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń ṣí omi. Ìtàn irinṣẹ́ yìí gùn ju bí ọ̀pọ̀ tó ń tà á lónìí ṣe rò lọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà koríko gígẹ̀ iwájú ilé ti wá, níbi tí òjò wẹ́wẹ́ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, tí koríko fi ń tutù yọ̀yọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bomi sí i. Ní 1830, Edwin Budding, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní agbègbè Stroud ní Gloucestershire, gba ìwé-ẹ̀tọ́ ìjọba fún ẹ̀rọ agékoríko, ohun tí àwọn ọlọ́lá nìkan sì ń kó òṣìṣẹ́ onídòjé jọ láti ṣe wá di ohun tí ẹni tó ní ilé kékeré náà lè dá ṣe. Àwọn ará Amẹ́ríkà gba àṣà náà, wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, níbi tí òjò ti tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kó wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n di koríko mọ́ ẹrù wọn lọ sí àwọn ìlú tí ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò gba irú rẹ̀, tí Las Vegas jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ìlú aginjù tí òjò rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílímítà 100 lọ lọ́dún. Ohun tí òjò kò ṣe, ẹ̀rọ ni a fi ṣe é. Ní 1933, Orton Englehardt, àgbẹ̀ ọlọ́sàn ní Glendora ní California, ṣe ẹ̀rọ afọ́nmi tí ipá omi fúnra rẹ̀ ń lu ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń yí po. Tọkọtaya LaFetra, Clem àti Mary, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, sì fi dá ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Rain Bird sílẹ̀. Oko ọsàn ni a ṣe ẹ̀rọ náà fún, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi wọ àgbàlá àwọn onílé.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni páìpù oníke tó fúyẹ́, fáàfù tí iná mànàmáná ń ṣí tó sì ń pa, àti aago adarí para pọ̀ di ètò kan. Aago adarí ni àpótí tí a máa ń kọ́ sára ògiri, tí onílé yóò ti yan ọjọ́, wákàtí àti iye ìṣẹ́jú tí omi yóò fi máa tú, tí àpótí náà yóò sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi tún un yàn. Ìrọ̀rùn tó mú wá kò kéré, nítorí kò sí ẹni tó tún ní láti dúró di rọ́bà omi mú ní ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ aago kò mọ òjò, kò sì mọ ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí nìkan ló mọ̀, ìdí sì nìyí tí kò fi ṣọ̀wọ́n láti rí ẹ̀rọ afọ́nmi tó ń fọ́nmi lábẹ́ òjò. Ìwádìí ńlá kan lórí bí àwọn onílé ṣe ń lo omi, tí ẹ̀ka ìwádìí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ omi Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1999, tó sì wo nǹkan bí 1,200 ilé ní ibùdó 12 ní Amẹ́ríkà àti Canada, fi hàn pé àwọn ilé tó ń lo aago adarí ń lo omi ní ìta ju àwọn tí kò lò ó lọ ní ìdá 47 nínú 100, nígbà tí àwọn tó ń fi ọwọ́ di rọ́bà mú ń lò tó ìdá 33 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù. Ẹ̀rọ tí a rà pé yóò bá wa ṣọ́ omi ló wá ń dà á nù. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru aago, nítorí ẹni tó ní aago sábà máa ń ní koríko tó gbòòrò. Síbẹ̀, ọwọ́ tó di rọ́bà mú a máa rẹ̀, ojú tó ń wo ilẹ̀ a sì máa rí i nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí dárogún, méjèèjì ni aago kò ní.

Ohun tó yẹ kó ya òǹkàwé lẹ́nu ni pé nígbà tí aago ń gba àgbàlá kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀nà láti béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1897, Milton Whitney, Frank Gardner àti Lyman Briggs, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ Ilé-Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ ní Washington, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí bí a ṣe lè fi iná mànàmáná wọn ọ̀rinrin ilẹ̀ oko. Òye tí wọ́n gbé e kà ni pé ilẹ̀ tútù ń jẹ́ kí iná kọjá ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ, nítorí náà ẹni tó bá ri irin méjì mọ́lẹ̀, tó sì wọn bó ṣe ṣòro tó fún iná láti kọjá láàárín wọn, lè mọ bí omi ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìṣòro tó dé bá wọn ni iyọ̀: iyọ̀ tó wà nínú ilẹ̀ àti nínú ajílẹ̀ náà ń gbé iná, débi pé ilẹ̀ oníyọ̀ lè purọ́ pé òun tutù nígbà tí ewéko orí rẹ̀ ti ń rọ. Ìṣòro yìí kò tán nílẹ̀ títí di òní nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà fún onílé, èyí tí irin méjì lásán wà lẹ́nu wọn.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1907, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Edgar Buckingham yí ìbéèrè náà padà, ibi tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí wà sì nìyí. Ó fi hàn pé kì í ṣe iye omi tó wà nínú ilẹ̀ nìkan ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe bí ilẹ̀ ṣe di omi náà mú ṣinṣin tó, nítorí pé gbòǹgbò ní láti já omi gbà lọ́wọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ lè ní omi púpọ̀ nínú kí ewéko sì máa kú ikú òǹgbẹ lórí rẹ̀, nítorí pé ihò inú amọ̀ kéré, ó sì di omi rẹ̀ mú pinpin. Yanrìn ní tirẹ̀ lè ní omi díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún un láti tú u sílẹ̀, títí díẹ̀ náà yóò fi tán lójijì. Láti inú òye yìí ni irinṣẹ́ tí a ń pè ní tẹnsiómítà ti jáde. Burton Livingston ti lo ife amọ̀ sísun láti máa fún ewéko lómi ní 1908; Willard Gardner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Utah lo irú ife bẹ́ẹ̀ láti wọn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa omi; Lorenzo Richards, tí ìṣirò tó tẹ̀ jáde ní 1931 lórí bí omi ṣe ń rìn nínú ilẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní, sì ṣiṣẹ́ gidigidi lórí rẹ̀. Ọ̀pá tó kún fún omi ni tẹnsiómítà, ife amọ̀ sísun tó ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín wà ní ìdí rẹ̀, ojú ìwọ̀n sì wà lórí: bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fa omi jáde gba ara ife náà, tí abẹ́rẹ́ ojú ìwọ̀n yóò sì máa gùn sókè. Kò lo iná, iyọ̀ kò sì ṣì í lọ́nà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fara jìyà ohun tí gbòǹgbò ń jìyà.

Ìlú Riverside ní California ni ìmọ̀ yìí ti di ọjà. Richards lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí iyọ̀ ilẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, ibùdó ìwádìí ọsàn ti California ti wà nílùú kan náà láti 1907, ilé-iṣẹ́ Irrometer sì bẹ̀rẹ̀ sí ta tẹnsiómítà fún àwọn ọlọ́sàn níbẹ̀ láti 1951. Ọlọ́sàn tó ra omi gan-an ní ìdí láti mọ ìgbà tí igi rẹ̀ fẹ́ mu. Onílé tí omi rẹ̀ kò wọ́n kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀, fún ìdí yìí tẹnsiómítà jókòó sóko fún ọdún gbọọrọ kó tó yà sí àgbàlá ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀nà mìíràn tẹ̀ lé e. Ní 1940, George Bouyoucos, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Michigan, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Mick, gbé irin méjì sínú bíríkì kékeré tí wọ́n fi jípsọ́ọ̀mù mọ, ìyẹn èròjà funfun kan náà tí àwọn oníṣẹ́ àjà ilé mọ̀ sí POP. Jípsọ́ọ̀mù ń yòrò díẹ̀díẹ̀ sínú omi tó wà lára rẹ̀, èyí kò sì jẹ́ kí iyọ̀ inú ilẹ̀ tó ń yí padà fi bẹ́ẹ̀ da ìwọ̀n rú, ṣùgbọ́n yíyòrò yìí kan náà ló ń pa bíríkì náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ní àárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lo ohun olóró ìtànṣán tó ń ta nẹ́útírọ́ọ̀nù sínú ilẹ̀. Ó péye, àmọ́ kò sí ìjọba tí yóò gbà kí onílé ri irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ìyípadà tó wá la ọ̀nà fún sẹ́ńsọ̀ òde òní wáyé ní Canada ní 1980, nígbà tí Topp, Davis àti Annan fi hàn pé a lè mọ iye omi inú ilẹ̀ láti inú bí ìgbì iná mànàmáná ṣe ń yára rìn tó lára irin tí a rì mọ́ ọn. Agbára tí ohun kan ní láti fa ìgbì bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn jẹ́ nǹkan bí 80 fún omi, kò ju nǹkan bí 3 sí 5 lọ fún erùpẹ̀ gbígbẹ, ó sì jẹ́ 1 fún afẹ́fẹ́, nítorí náà omi díẹ̀ tó bá wọ inú ilẹ̀ yóò hàn kedere. Ẹ̀rọ tí wọ́n lò nígbà náà wọ́n gidigidi, ṣùgbọ́n láàárín ogún ọdún, èròjà kọ̀ǹpútà ti dínwó débi pé a lè kó òye kan náà, tàbí èyí tó sún mọ́ ọn, sínú ike pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Florida, tí kì í ṣe ilẹ̀ aginjù, ni a ti dán irinṣẹ́ yìí wò dáadáa lórí koríko onílé. Òjò ibẹ̀ ju mílímítà 1,200 lọ lọ́dún, ṣùgbọ́n yanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, omi kì í sì í pẹ́ nínú yanrìn, ìyẹn ni onílé fi ń bomi rin koríko láàárín òjò méjì. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti pàṣẹ láti oṣù karùn-ún 1991 pé kí gbogbo ètò ìbomirin aládàáṣiṣẹ́ tuntun ní ohun tí yóò dá a dúró bí òjò bá ti rọ̀. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2009, wọn kò sọ̀rọ̀ òjò nìkan mọ́, wọ́n ní kí ètò náà dúró nígbà tí ọ̀rinrin bá ti tó. Láàárín àkókò méjèèjì yìí ni Michael Dukes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Florida ní Gainesville gbé sẹ́ńsọ̀ sábẹ́ koríko láti 2004, tí wọ́n fi wé aago lásán. Ní àsìkò tí òjò tó, omi tí àwọn sẹ́ńsọ̀ tó dára gbà là wà láàárín ìdá 69 sí 92 nínú 100. Nígbà tí wọ́n kó ìdánwò náà lọ sí ilé àwọn ènìyàn gidi ní Pinellas, tó lé ní ọdún méjì, àwọn ilé tó ní sẹ́ńsọ̀ lo omi tó fi nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ní aago nìkan. Èrè náà máa ń kéré sí i ní àsìkò ọ̀dá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: sẹ́ńsọ̀ kò lè fi omi pamọ́ nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ilẹ̀ ní tòótọ́.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó rọrùn ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ibi tí oòrùn ń pa jù lọ ní àgbàlá ni wọ́n máa ń ri sẹ́ńsọ̀ sí, nítorí bí ibẹ̀ bá tutù, ibi yòókù kò lè gbẹ. Wọn a da garawa omi kan tó gba gálọ́ọ̀nù 5 sórí rẹ̀, wọn a fi sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan kí omi tó pọ̀ jù sọ̀ kalẹ̀ lọ, wọn a wá gba ìwọ̀n tó bá hàn lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ààlà. Láti ìgbà náà lọ, aago lè máa pe wákàtí rẹ̀ bó ti wù ú, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá ju ààlà náà lọ, sẹ́ńsọ̀ yóò já iná fáàfù, omi kò sì ní tú.

Wáyà ló kù tó ń dí i lọ́wọ́. Láti ri wáyà láti sẹ́ńsọ̀ lọ sí àpótí ara ògiri, onílé ní láti gbẹ́ àgbàlá tó ti tò tán, kó gba abẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, lẹ́yìn èyí ṣọ́bìrì ológbà tàbí mànàmáná ojú ọ̀run lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ kan; ní ọgbà ìtura àti pápá gọ́ọ̀fù, níbi tí sẹ́ńsọ̀ kan kò tó, iye owó wáyà nìkan ti tó láti mú kí alábòójútó pa èrò náà tì. Ìdáhùn wá láti ibi tí kò kan koríko rárá. Ní Yunifásítì California ní Berkeley, láti 1997, Kris Pister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú láti ṣe àwọn ẹ̀rọ kékeré bí eruku tí yóò máa wọn nǹkan, tí yóò sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, ilé-iṣẹ́ ológun ló sì náwó lé e lórí. Ní 2003, ìlànà rédíò tí a ń pè ní IEEE 802.15.4 jáde fún irú ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ tó sì ń sùn púpọ̀, kí bátìrì kan lè bá a lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ọdún 2010 tó dé, àwọn pápá gọ́ọ̀fù ti ń ri sẹ́ńsọ̀ aláìlo wáyà sábẹ́ koríko. Lẹ́yìn náà ni ìlànà rédíò LoRa ti Grenoble ní Faransé dé, èyí tí ilé-iṣẹ́ Semtech rà ní 2012, tó lè ran ọ̀rọ̀ kúkúrú lọ sí ọ̀nà jíjìn, tó fi bá ọgbà ìtura ìlú mu. Ìṣòro kan tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá pàdé wuni púpọ̀: omi tí sẹ́ńsọ̀ fẹ́ wọn ni ó ń gbé ìgbì rédíò rẹ̀ mì, nítorí náà nígbà tí ilẹ̀ bá tutù jù, tí ìròyìn rẹ̀ ṣe pàtàkì jù, ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń lo ìgbì tó gùn díẹ̀, tí èrìàlì wọn kì í sì í jìnnà sí ojú ilẹ̀.

Ìjọba kò yára gbà á wọlé. EPA dá ètò WaterSense sílẹ̀ ní 2006 láti máa fi àmì sára ohun èlò tó ń ṣọ́ omi. Ní 2011 ó ti fún ẹ̀rọ adarí tó ń fi ìròyìn ojú ọjọ́ ṣiṣẹ́ ní ìlànà, ṣùgbọ́n 2021 ni ti sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀ tó jáde, nítorí kò sí ọ̀nà kan tí gbogbo ènìyàn fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti dán an wò nínú oríṣiríṣi ilẹ̀. California ti ṣáájú ní tirẹ̀: lẹ́yìn tí Gómìnà Jerry Brown pàṣẹ ní oṣù kẹrin 2015 pé kí lílo omi ní àwọn ìlú dín kù ní ìdá 25 nínú 100, ìlànà àgbàlá tuntun tí ìpínlẹ̀ náà tún ṣe lọ́dún kan náà béèrè pé kí ẹ̀rọ adarí máa fi ìròyìn ojú ọjọ́ tàbí ọ̀rinrin ilẹ̀ ṣiṣẹ́.

Las Vegas ni a ti rí ibi tí agbára irinṣẹ́ yìí mọ. Ìpín tí òfin 1928 fún Nevada nínú Odò Colorado jẹ́ 300,000 éékà-ẹsẹ̀ lọ́dún, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ omi tó lè bo éékà ilẹ̀ kan dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, tàbí nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 326,000; adágún Mead tó wà lẹ́yìn ìsédò Hoover ni ìlú náà sì ti ń fà á. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo omi tí a lò nínú ilé níbẹ̀ ni a ń tún ṣe, tí a sì ń dá padà sínú adágún, ṣùgbọ́n omi tó bá dé orí koríko kì í padà wá. Láti 1999 ni àjọ omi ìlú náà ti ń sanwó fún ẹni tó bá hú koríko rẹ̀, tó sì gbin ewéko aginjù rọ́pò. Ìṣirò wọn ni pé ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan tí a hú ń dá gálọ́ọ̀nù 55 padà lọ́dún, wọ́n sì ti hú ju mílíọ̀nù 200 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin lọ. Ní 2021, ìjọba Nevada ṣe òfin pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2027, a kò gbọdọ̀ fi omi Odò Colorado bomi rin koríko ẹ̀bá títì, ti ọ́fíìsì àti ti ẹgbẹ́ onílé tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kò kan koríko ilé ẹni kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ ṣì ń wúlò ní pápá eré, ní ọgbà ìtura àti lábẹ́ igi tí òfin fi sílẹ̀. Àmọ́ ní ìlú yìí, koríko tí wọ́n hú ló dá omi púpọ̀ padà sí adágún, kì í ṣe koríko tí wọ́n wọn ọ̀rinrin ìdí rẹ̀.